Ohun tí Àgbò Fi Han Ṣókẹ́yẹ

Kì í ṣe ọmọ ìlú ńlá.
Abúlé onílé mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti bí i,
níbi tí àgùntàn pọ̀ ju ènìyàn lọ,
tí òórùn ẹran ń jí ọmọdé kí àkùkọ tó kọ.
Ogun jó abúlé náà. Ìyá mi kò mọ orúkọ rẹ̀;
ó ní "ọ̀hún" ni baba òun máa ń pè é,
á sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìlà-oòrùn.

Ó dé abẹ́ Olúmọ pẹ̀lú àgbò kan ṣoṣo,
oníwo kan, olóríkunkun,
tí kì í jẹ koríko tí ẹran yòókù bá jẹ.
Ní ọjọ́ kẹta, àgbò sọnù.
Ṣókẹ́yẹ gbọ́ igbe rẹ̀ lókè réré.
Ó wo àpáta, kò rí ọ̀nà,
àfi ìgbẹ́ ẹran, dúdú bí irú,
wóró kan níhìn-ín, wóró kan lọ́hùn-ún.
Ó tẹ̀ lé e títí ó fi dé orí.

Àwọn kan máa ń sọ pé àlá ló fi ọ̀nà hàn án.
Baba fúnra rẹ̀ ní ìgbẹ́ ẹran ni.

Ó mọ ibi tí òkúta ń yọ̀ lẹ́yìn òjò,
ibi tó ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ ní ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀,
ihò tí ènìyàn ní láti dọ̀bálẹ̀ wọ̀
bí ẹni ń kí àna rẹ̀.
"Ẹsẹ̀ òsì ni kó ṣáájú," ni yóò wí,
"má wo ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ kò ní lọ síbì kan."

Lọ́dún tí ará Dàhọ̀mì dé etí odi ní Àrò,
òun kò lọ sí odi.
Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ọkùnrin tí ń kó obìnrin gun òkè!
Ó pọn arúgbó Ìtọ̀kò kan sẹ́yìn,
aláboyún di ìgbànú rẹ̀ mú,
àwọn ọmọ tò tẹ̀ lé e, ọwọ́ nínú ọwọ́,
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́.
Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló lọ tó bọ̀ lóru náà.
Nígbà kejìlá, ọmọ kan yọ̀.

Ìyá mi kì í sọ kọjá ibẹ̀.
Mo mọ̀ pé Àṣàmú ni wọ́n ń pe ọmọ náà.
Mo mọ̀ pé títí Baba fi kú, tó bá dé ibẹ̀,
á dúró, á ka àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn,
á tún wọn kà.

Òyìnbó kan wá lẹ́yìn ìgbà náà, tòun ti bàtà onírin
àti awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ ojú.
Ó béèrè bí òkè yìí ṣe ga tó.
Ògbufọ̀ túmọ̀. Ṣókẹ́yẹ ronú títí, ó ní:
"Àgbò oníwo kan á ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó débẹ̀."
Òyìnbó kọ nǹkan sínú ìwé.
Ó fún un lówó ẹyọ, ó fún un ní dígí.
Dígí kò pẹ́: ọmọ-ọmọ àgbò yẹn
rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì kàn án.

Ojú Baba fọ́, ó ṣì ń gùn ún.
Ìyá mi, àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún méje,
á di ọ̀pá rẹ̀ mú, á máa lọ níwájú.
Baba á fọwọ́ kan òkúta, á rẹ́rìn-ín,
"Níbí, yà díẹ̀."
Ìyá mi rò pé òun ló ń mú un lọ.
Ó di ìgbà tí òun náà darúgbó kó tó yé e.

Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀ báyìí.
Mo gùn ún lọ́jọ́ kan, orúnkún mi ń ké,
àwọn ọmọ iléèwé ń sáré kọjá mi.
Mo wo ẹ̀gbẹ́:
ẹran ẹnìkan ti gba ibẹ̀ lọ.
Wóró kan níhìn-ín.
Mo kúrò lójú àtẹ̀gùn,
mo fi ẹsẹ̀ òsì ṣáájú.